Pákó Tẹjú Ń Bó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Tẹjú, ọmọ ọmọ mi, ní ìwé ẹlẹ́yìn líle kan tó ń kọ ohun gbogbo tó bá ṣe níbi iṣẹ́ sí, ọjọ́ á wà lókè, iṣẹ́ á wà nísàlẹ̀. Mo ní kó fún mi ní ọ̀kan. Ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ní èmi náà ń ṣe nǹkan.

N kò mọ̀wé. N kò sì ní kọ́ ọ mọ́ lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mótún ni yóò máa bá mi kọ ọ́. Motúnráyọ̀ ni wọ́n ń pè é, nọ́ọ̀sì tó háyà yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ wa ní Mayfair níbí, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ adúláwọ̀. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́ àárọ̀, mo ti gbé àga fún un. Ó ti búra: ohun tí mo bá sọ ni yóò kọ, kò ní tún un ṣe, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ Tẹjú rèé. Ó ń fi okùn ewé ṣe pákó. Ewé náà jọ ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ṣùgbọ́n ó ga jù ú lọ. Wọ́n á họ ara rẹ̀ kúrò, okùn funfun á jáde bí irun orí mi. Wọ́n á tẹ́ okùn náà ní ìpele mẹ́jọ, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n á da gọ́ọ̀mù sí i, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó di pákó. Wọ́n fẹ́ fi ṣe inú ilẹ̀kùn táksì. Ọdún mẹ́rin ló ti wà lẹ́nu rẹ̀ ní yunifásítì.

Wàhálà kan ló wà: pákó ń bó. Ìpele ń kúrò lára ìpele bí àlùbọ́sà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, yóò gbé pákó lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Midrand, wọn ó fi ẹ̀rọ fà á ya lójú ara wọn. Bí kò bá bó, wọ́n á gbà á síṣẹ́. Bó bá bó — ìwé ìgbélùú rẹ̀ parí lóṣù kẹsàn-án, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò padà sí Adó pẹ̀lú àlùbọ́sà rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi: mò ń bá a ya okùn náà. Ìyàrun mẹ́ta ni mo fi ń yà á, ti ẹnu rẹ̀ tóbi, ti àárín, ti iná orí. Láti oṣù karùn-ún tí mo ti dé. Kò sẹ́ni tó ń yà á bíi tèmi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Òtútù. Mo ya ìdì mẹ́fà. Ìlú yìí gbẹ ju ọyẹ́ lọ, gìgísẹ̀ mi ti là. Mo fi òrí pa ẹsẹ̀, mo fi pa ọwọ́, mo fi pa ohun gbogbo tó gbẹ.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Tẹjú gbé ìdì mi sókè níwájú fèrèsé. "Màmá, ẹ wò ó bó ṣe ń dán! Ti ilé-ìtajà gan-an ò dán tó báyìí." Inú mi dùn dé ọ̀fun. Nomvula, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa pákó ya níbi iṣẹ́ wọn, fi ọsàn àpò kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí wọ́n fún Gogo tó ń ya okùn. Gogo ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbí.

Ọ̀gá Tẹjú, ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ funfun kan — Alágogo ni mo sọ ọ́, nítorí aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò bí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀. Lónìí ó wò ó nígbà mọ́kànlá. Tẹjú ló kà á.

Pákó tòní bó.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọjọ́ Àwọn Obìnrin ilẹ̀ yìí ni wọ́n ń ṣe. Kò síṣẹ́. Nomvula wá kí mi pẹ̀lú adìyẹ díndín. Ó jókòó sí kíṣìnnì wa, ó ní, "Eish, Gogo, ó yà mí lẹ́nu. Ní oṣù kìn-ín-ní, pákó yìí kò bó báyìí." Tẹjú túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ní òtútù ni. Tẹjú ní bóyá gọ́ọ̀mù tuntun ni. Nomvula ní bóyá ẹ̀rọ ti darúgbó. A jẹ adìyẹ náà tán.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

A gbàdúrà fún pákó.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mótún, jókòó dáadáa. Òní gùn.

Tẹjú mú mi lọ síbi iṣẹ́ wọn kí n lè fojú ara mi rí ohun tí mò ń ya irun rẹ̀. Ilé náà mọ́ bí ilé ìwòsàn. Wọ́n wọ̀ mí ní aṣọ funfun. Mo rí ẹ̀rọ náà: ó ní ọwọ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọ́n á ti la ẹnu pákó díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á lẹ irin mọ́ ètè òkè àti ètè ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ á dì wọ́n mú, á máa fà wọ́n yà, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Bí ìpele bá mú ara wọn, ẹ̀rọ á làágùn. Ti wa, kò làágùn rárá. Ó ṣí bí ẹni ṣí Bíbélì.

Nomvula mi orí. Alágogo wo aago.

Mo fẹ́ fọwọ́ kan okùn tó wà lórí tábìlì. Tẹjú pariwo. "Màmá, rárá! Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án." Mo ní ṣé ọwọ́ mi dọ̀tí ni. Ó ní, "Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọ̀rá ara ni. Kò sí ohun tí gọ́ọ̀mù kórìíra bí ọ̀rá. Bí ẹni tó jẹ dùǹdú bá fi ìka kan ṣoṣo kàn án, ibẹ̀ kò ní mú láéláé. Ẹni tó ń ta okùn yìí fún wa ti fi omi sódà fọ̀ ọ́ kó tó sá a, kí ọ̀rá má bàa kù lára rẹ̀."

Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò aṣọ funfun náà.

Mo ní, "Òróró nìkan ni, àbí òrí náà wà níbẹ̀?"

Ó ní, "Màmá, ọ̀rá ni ọ̀rá. Kí ló dé?"

Mo ní n kàn béèrè ni.

Kí n má purọ́ fún ìwé mi. Láti oṣù karùn-ún, gbogbo ìdì okùn tí mo yà ni mo fi òrí pa. Kì í ṣe díẹ̀. Mo ń bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, mo ń rà á, mo ń fà á láti orí okùn dé ìdí, bí ẹni pa ara ọmọ tuntun. Ohun tó ń dán lójú fèrèsé yẹn, òrí ni.

Kì í ṣe wèrè ló ń ṣe mí. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi rán bẹ́ẹ̀dì koríko ní Adó, kí fóòmù tó dé. Okùn gbígbẹ kì í kọjá lára koríko, á máa já, á máa gé ènìyàn lọ́wọ́. Nítorí náà ẹni tó bá mọṣẹ́ á fi òrí pa okùn rẹ̀ kó tó rán. Ọjọ́ kìíní tí ọ̀gá mi gbà mí sẹ́nu iṣẹ́ ni ó kọ́ mi. Tẹjú gbé okùn tó gbẹ bí ìgbálẹ̀ síwájú mi, kò sọ nǹkan kan, ọwọ́ mi sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Èmi ni mo ń bó pákó ọmọ yìí.

Mótún ti ju bírò sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀wù nọ́ọ̀sì nu ojú. Ó ní òun kò lè kọ ọ́. Mo ní ṣebí o búra. Ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un." Mo ní mo mọ̀. Òun náà ní kí n má fi òwúrọ̀ ọ̀la ṣòfò.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo fi òwúrọ̀ ṣòfò.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo sọ ọ́. Ó ń mu tíì lórí ìdúró.

Mo ní, "Tẹjú, òrí wà lára okùn rẹ."

Ó ní, "Okùn wo?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Màmá. Ẹ ní òrí?"

"Òrí."

"Òrí tí a fi ń pa ara?"

"Òmíràn wo ló tún wà?"

Ó gbé ife kalẹ̀. Ó ka pákó láti oṣù karùn-ún lórí ìka, ìka tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rìnlá. Ó ní, "Lára pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá?" Mo ní bí mo bá ń ṣiṣẹ́, mo máa ń ṣe é dé ìdí ni.

Ó jáde. Ó dé géètì, ó padà wá mú kọ́kọ́rọ́, kò wo ojú mi, ó tún jáde. N kò sunkún. N kò mọ̀, kò sì sọ fún mi. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ mi.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó jẹ iyán mi, ó bu kún un. Ẹnu tó fi jẹ ẹ́ kò fi sọ̀rọ̀.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sápá ọ̀tún mi bí igi. Wòlíì ń gbàdúrà. Ó kígbe pé, "Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí òróró ṣàn sórí rẹ̀! Kó ṣàn! Kó kún àkúnwọ́sílẹ̀!" Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Tẹjú kò ṣe àmín. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ó ń sunkún. Mo yọjú wò ó — ẹ̀rín! Ó ti ki aṣọ ìborí bọ ẹnu. Bí ojú wa ṣe pàdé, tèmi náà já. A rẹ́rìn-ín títí a fi dé ilẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ sáré wá, wọ́n yí wa ká, wọ́n ní ẹ̀mí ti bà lé ìdílé Màmá Fèyíkẹ́, èmi nìyẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da òróró sí wa lórí. Tẹjú ń pariwo pé, "Ẹ má dà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á mọ́!" Wọ́n tún da sí i.

Nínú ọkọ̀, ní rọ́bọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí, tó ti di pupa, ó ní, "Màmá, bí ẹ bá tún fi òrí kan nǹkan mi, mo máa fi yín ránṣẹ́ sílé nínú àpótí ẹrù." Mo ní kó lu ihò sára àpótí náà kí n lè mí. Ọ̀rọ̀ ti tán.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó ní láti sọ fún Alágogo ìdí tí pákó fi bó. Ó ní láti kọ ọ́ sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle pẹ̀lú. Ó kọ "òrí", ó kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Alágogo kà á, ó béèrè, ó tún kà á, ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Tẹjú ní kò wo aago rárá.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Okùn tuntun ti dé. Wọ́n ní kí n má ya ẹyọ kan.


Ọjọ́rú, ọjọ́ ogún

Tẹjú wọlé tayọ̀tayọ̀. Pákó tí kò ní òrí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀rọ làágùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ayọ̀ náà sì lọ. Ó ní iye tí Midrand ń fẹ́, kò tíì débẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Á kàn ṣí lọ.

Mo ní, "Ta ló rán an?"

Ó ní, "Rán kí ni?"

Mo ní ìpele mẹ́jọ. Ẹ tẹ́ ẹ léra, ẹ da àtè sí i, ẹ ń gbàdúrà. Kí ló wá so tòkè mọ́ tìsàlẹ̀? Bí mo bá kó koríko sínú bẹ́ẹ̀dì tí n kò gún abẹ́rẹ́ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹni tó bá sùn sórí rẹ̀ á jí ní Ìkẹ́rẹ́.

Ó ní ó wà nínú ìwé wọn. Wọ́n ti ń rán an níbòmíràn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ máa ń já okùn tó bá gún, apá kan á le, apá kejì á kú.

Mo ní, "Abẹ́rẹ́ ta ló ń já okùn?"

Ó ń wò mí bí ẹni tó rí owó nílẹ̀.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Alágogo gbà kí n rán an. Pákó méjì péré. Mo lọ sọ́dọ̀ ọmọ Sòmálíà tó ń ta ìrẹsì ní òpópónà kejì, mo ra abẹ́rẹ́ àpò. Ó tóbi jù. Mo jókòó sí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, mo ń ha á lórí sìmẹ́ǹtì títí ó fi tín-ínrín. Mo wá pa ẹnu rẹ̀ kú díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó mú jù ló ń já okùn. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kú á ti okùn sápá kan, á kọjá láàárín wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Tẹjú sáré kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mo ní kó kọ ti ṣọ́ọ̀ṣì náà sí i.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo rán an. Láti àárọ̀ títí di agogo mẹ́ta, ní ibi iṣẹ́ wọn, kí wọ́n tó da gọ́ọ̀mù sí i. Nomvula fi sípírítì fọ ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó wọ̀ mí ní ìbọ̀wọ́. Òwú gbígbẹ. Láìsí òrí. Ó dà bíi pé mò ń fi iyọ̀ rán nǹkan.

Ìṣòro kan ṣoṣo: orí mi. Gbogbo ẹni tó bá mọ abẹ́rẹ́ á máa fi ra irun kó lè yọ̀. N kò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Mo gún ẹ̀ẹ̀mejì, ọwọ́ mi gòkè. Tẹjú kígbe, "Màmá, orí!" Ó fọ abẹ́rẹ́. Mo tún gún, ọwọ́ tún gòkè. "Màmá, orí!" Lẹ́ẹ̀karùn-ún ó fi aṣọ wé orí mi mọ́lẹ̀ dé ìpéǹpéjú, ó dè é, Nomvula tún fi báńdéèjì yí i ká. Mo jọ ẹni tí táksì gbá. Alágogo wọlé, ó rí mi, ó jáde, ó tún wọlé láti rí i pé ohun tó rí ni ó rí.

A ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìrán náà gún régé. Ọwọ́ ò gbàgbé.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Gọ́ọ̀mù ń gbẹ. Kò sí àyè láti kọ́kọ́ fà á wò, méjì péré la ní, Midrand sì fẹ́ méjèèjì. Tẹjú ń rìn káàkiri ilé. Ó fi ṣúgà sínú ọbẹ̀. A jẹ ẹ́.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

A wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré lọ sí Midrand, Tẹjú, Nomvula àti èmi, pákó wà lórí itan mi nínú aṣọ ìnura. Alágogo ti débẹ̀ ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ náà dán gbinrin. Ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan wọ dígí lójú, wọn kò rẹ́rìn-ín.

Pákó kìíní. Ẹ̀rọ wọn tóbi ju ti yunifásítì lọ. Ó di ètè méjèèjì mú, ó ń fà. Gbogbo wa ń wo ẹnu pákó. Ó ṣí díẹ̀. Ó dé ibi abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ — ó dúró. Ẹ̀rọ ń fà. Ó dúró. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Tẹjú ti mú ọwọ́ mi, ó ń fún un pọ̀. Ló bá dún: GBÀÁ! Pákó dá sí méjì!

Mo ké. Mo ní, "Ó tán! Ó ti fọ́! Ọmọ mi ti ń lọ sí Adó!" Mo ti ká gèlè kúrò lórí kí n lè sunkún dáadáa. Mo gbójú sókè, Nomvula ń jó. Alágogo ń fò. Àwọn onídígí ń pàtẹ́wọ́. Mo rò pé orí gbogbo wọn ti dàrú.

Tẹjú dì mọ́ mi, ẹkún àti ẹ̀rín. "Màmá, kò bó! Ó dá! Apá ara rẹ̀ ló dá kó tó gbà kó bó!" Ó fi hàn mí. Òótọ́ ni. Ètè òkè ti kán bí igi, ṣùgbọ́n ìpele kan kò kúrò lára ìkejì. Wọ́n fa pákó kejì. Òun náà dún gbàá. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, èmi náà jó.

Obìnrin onídígí náà ni ọ̀gá wọn. Ó gbé ìwé kan jáde, ó bọ Tẹjú lọ́wọ́: ọdún mẹ́ta, àwọn ni yóò sì bá a gba ìwé ìgbélùú tuntun. Tẹjú kà á lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìdúró, ó fọwọ́ sí i lórí ẹ̀yìn mi nítorí kò rí tábìlì.

Ọ̀gá náà wá fi irin ìwọ̀n kan wọn ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé. Ó wọn ọ̀kan, ó wọn èkejì, ó wọn ìlà gbogbo. Ó pe àwọn yòókù. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ dọ́gba, mìlímítà kan kò sá. Ó béèrè pé ẹ̀rọ wo ló rán an. Tẹjú nawọ́ sí mi. Wọ́n ní rúlà wo ni Gogo lò? Mo ní rúlà kí ni. Mo na àtàǹpàkò mi sí wọn: láti oríkèé dé etí èékánná, ibẹ̀ ni mo ń gún, bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Ọ̀gá náà bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú jẹ́jẹ́, ó fi irin ìwọ̀n náà sí àtàǹpàkò mi, ó pe iye rẹ̀ síta, ọkùnrin kan sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Wọ́n ní iye yẹn ni gbogbo pákó tí wọ́n bá ṣe yóò máa tẹ̀ lé.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Tẹjú kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí nǹkankan ṣe àtàǹpàkò yìí o."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, méjì ni mo ní.